Ṣé ohun tí ojú rí náà ni òótọ́? Plato àti Aristotle ti dà mí lọ́kàn rú o

Télọ̀_AbẹÓdán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Télọ̀ ni mí, mo ti wà nídìí máṣíìnì láti bí ọdún 14, ṣùgbọ́n èṣín ni mo padà sílé ìwé, part-time ni, Sátidé Sátidé la máa ń lọ, wọ́n sì ní dandan ni ká ṣe kọ́ọ̀sì fìlọ́sọ́fì kan. Èmi rò pé màá kàn há a sórí kí n lè kọjá ni, àfi bó ṣe wọ̀ mí lára.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Kọ́sítómà mi kan gbé léèsì wá fún ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀. Alẹ́ ni mo yan òwú tí mo fẹ́ fi rán an, abẹ́ gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù, mo na òwú yẹn sórí aṣọ, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe, kò yàtọ̀ rárá, àfi bíi pé inú ìkòkò aró kan náà ni wọ́n ti rẹ àwọn méjèèjì. Mo rán an tán. Ọ̀sán ọjọ́ kejì obìnrin yẹn wá gbé e, ó mú un jáde síta, ó ní "Bọ̀dá, òwú búlúù lẹ fi rán aṣọ gíríìnì mi." Mo wò ó nínú oòrùn, òótọ́ ló sọ, gbogbo ojú ìrán hàn gedegbe bí ilà ojú. A tún wọlé padà sábẹ́ gílóòbù, ó tún bára mu! Mo bẹ̀ ẹ́, mo tú gbogbo ẹ̀, mo tún un rán, ìyẹn ti tán. Èyí tí ò tán ni pé mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń bi ara mi pé àwọ̀ wo gan-an ni aṣọ yẹn ní? Tí a bá ní ti inú oòrùn ni ojúlówó, ta ló fi oòrùn ṣe adájọ́?

Ẹ wá wò ó, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́kọ́rà wa bẹ̀rẹ̀ Plato, fìlọ́sọ́fà ará Gíríìkì àtijọ́, ó ní Plato sọ pé gbogbo ohun tí à ń fojú rí yìí, bí òjìji ara ògiri ni, òótọ́ gidi wà níbi tí ojú ò dé. Inú mi dùn, mo ní ìdáhùn mi dé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó mú Aristotle, ó ní Aristotle ní látojú, látetí, látọwọ́ ni ìmọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ Plato yìí kan náà ló ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún 20! Èmi náà ní ọmọ iṣẹ́, tó bá lo ọdún 20 lọ́dọ̀ mi tó wá ní òdìkejì ohun tí mo kọ́ òun lòun dì mú, mi ò ní lé e, màá jókòó, màá bi í pé kí ló rí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ló rí? Ta ni ká tẹ̀ lé nínú wọn?

---

AkẹkọọAyé

Ẹ kú iṣẹ́ o bọ̀dá. Fìlọ́sọ́fì ni mo kà ní yunifásítì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tó béèrè ẹ̀ látinú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lójúkorojú báyìí, inú mi dùn sí i gan.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀yìn wá. Kí Plato tó dé, ọkùnrin kan ń jẹ́ Protagoras, ará Abdera, ìlú kan nílẹ̀ àwọn Gíríìkì, òun ló sọ pé èèyàn ni òṣùwọ̀n ohun gbogbo. Ohun tó ń sọ ni pé bí nǹkan bá ṣe rí lójú tìẹ, bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹ, bó bá ṣe rí lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ló rí fún mi. Plato fi atẹ́gùn ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìwé tó pè ní Theaetetus: atẹ́gùn kan náà ló ń fẹ́, òtútù ń mú ẹnì kan, kò mú ẹnì kejì, ṣé atẹ́gùn yẹn tutù ni àbí kò tutù? Protagoras á ní ó tutù fún ẹni tí òtútù ń mú, kò tutù fún ẹni tí kò mú, ọ̀rọ̀ bùṣe. Tẹ́ ẹ bá gbé e wá sórí léèsì yín, òwú yẹn bá a mu fún yín lálẹ́, kò bá a mu fún obìnrin yẹn lọ́sàn-án, ẹnikẹ́ni ò jẹ̀bi.

Ó dùn ún gbọ́ àmọ́ Plato ò gbà. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Protagoras fi ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ àwọn èèyàn pé òun ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó wà lójú oníkálukú ti jẹ́ òótọ́ fún un tẹ́lẹ̀? Ó tún mú ọ̀rọ̀ ọ̀la wá. Tí ẹnì kan bá ní ara òun máa gbóná lọ́la, tí dókítà ní kò ní gbóná, tílẹ̀ bá mọ́ ẹnì kan nínú wọn ló máa tọ̀nà. Ẹ̀yin náà ń rí i lójoojúmọ́, kọ́sítómà á ní aṣọ òun ò ní súnkì, ẹ̀yin á ní á súnkì, ìgbà tó bá kan omi lẹ́ẹ̀kíní la máa mọ ẹni tó mọ aṣọ.

Òjìji ara ògiri tí lẹ́kọ́rà yín sọ, inú ìwé Plato tó ń jẹ́ Republic ló wà, apá keje ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ìwé keje. Àwọn kan wà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ láti kékeré, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n lẹ́sẹ̀ lọ́rùn, wọn ò lè yíjú, ògiri iwájú nìkan ni wọ́n ń wò. Iná ń jó lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, àwọn kan ń gbé ère èèyàn àti ère ẹranko kọjá níwájú iná yẹn, òjìji àwọn ère yìí ló ń hàn lára ògiri, òun sì ni àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ pè ní ayé. Wọ́n tiẹ̀ máa ń yẹ́ ẹni tó bá tètè mọ òjìji tó kàn láàárín wọn sí. Wọ́n wá tú ẹnì kan sílẹ̀, wọ́n wọ́ ọ gòkè síta. Oòrùn wọ̀ ọ́ lójú, kò rí nǹkan kan. Òjìji ló kọ́kọ́ lè wò, lẹ́yìn náà àwòrán inú omi, lẹ́yìn náà àwọn nǹkan fúnra wọn, lẹ́yìn náà ìràwọ̀ àti òṣùpá lóru, ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ ló tó lè gbójú sókè wo oòrùn. Nígbà tó padà sínú ihò láti sọ fún wọn, òkùnkùn bò ó lójú, kò lè ka òjìji bíi tiwọn mọ́, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Plato ní tó bá fẹ́ tú wọn sílẹ̀, tí ọwọ́ wọn bá tó o, wọ́n á pa á. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àmọ́ ará Athens tó bá kà á á mọ ẹni tó ń bá wí. Ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù ni ìlú yẹn dájọ́ ikú fún Socrates tó jẹ́ ọ̀gá Plato, wọ́n fún un ní májèlé mu, ẹni 70 ọdún.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí jù rèé o. Àwọn èèyàn máa ń rò pé Plato ní ká di ojú wa. Rárá o. Nínú ìwé kẹwàá Republic yẹn náà ó ní igi kan náà á wọ́ lójú wa tó bá wà nínú omi, tá a bá yọ ọ́ jáde á tọ́, ó wá ní ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ irú ẹ̀ ni wíwọ̀n, kíkà àti gbígbé nǹkan lórí ìwọ̀n. Bọ̀dá, téèpù ọrùn yín nìyẹn! Ojú á ní apá aṣọ méjèèjì dọ́gba, téèpù á ní ìnṣì kan wà láàárín wọn, ta lẹ máa ń gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì?

---

NọọsiAlẹ́

Ẹ kú àlàyé o. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí Aristotle náà ráyè sọ tiẹ̀, èmi ti Aristotle ni mí, mi ò ní fi pamọ́.

Bọ̀dá télọ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an wà nínú ìwé Aristotle? Mi ò sọ àsọdùn. Ó ń ṣàlàyé bí àwọ̀ òṣùmàrè ṣe ń yọ, ló bá ya sórí aṣọ, ó ní àwọ̀ àlùkò kan náà lórí òwú funfun yàtọ̀ sí bó ṣe máa rí lórí òwú dúdú, iná tá a fi ń wò ó náà sì lè yí i padà. Ó wá ní àwọn tó ń kóṣẹ́ sára aṣọ máa ń sọ pé àwọn sábà máa ń ṣi àwọ̀ mú táwọn bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtùpà, wọ́n á fẹ́ mú ọ̀kan wọ́n á mú òmíì. Ó ti lé ní ọdún 2,300 tó ti kọ ọ́. Ọkùnrin yẹn lọ bi àwọn oníṣẹ́ ọwọ́! Kò jókòó sílé kó máa rò ó. Ohun tó mú mi nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ nìyẹn.

Kò kúkú yà mí lẹ́nu, dókítà ọba Macedonia ni bàbá ẹ̀. Ìlú Stagira ni wọ́n ti bí i lọ́dún 384 ṣáájú ìbí Jésù, ẹni ọdún 17 ló dé ọ̀dọ̀ Plato, ìgbà tí Plato kú ló tó kúrò ńbẹ̀. Ó gbẹ̀kọ́ o, àmọ́ ojú tirẹ̀ ń wá nǹkan tó ń mí. Ẹ gbọ́ èyí: ó kọ bí ẹyin adìyẹ tó wà lábẹ́ àgbébọ̀ ṣe ń yí padà. Tó bá pé ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa rí ọkàn ẹ̀ bí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré nínú ẹyin, á máa sọ kúlúkúlú, á máa mira bí ohun abẹ̀mí. Ní nǹkan bí ogúnjọ́, tẹ́ ẹ bá la ẹyin tẹ́ ẹ fọwọ́ kan ọmọ adìyẹ yẹn, á mira, á ké. Ẹ̀ka àwọn aboyún ni mo wà, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ọkàn ọmọ inú oyún tó ń sọ tìkìtìkì lójú ẹ̀rọ, tín-ín-tín bíi kóró ìrẹsì, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ Aristotle yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn, omi bọ́ lójú mi.

Ohun tó ń sọ nípa ìmọ̀ ò le. Ó ní gbogbo èèyàn ni ìmọ̀ ń wù lábínibí, àmì ẹ̀ sì ni bí a ṣe fẹ́ràn ojú wa, kódà tá ò bá ní nǹkan kan láti fi ṣe, ó ṣì máa ń wù wá ká máa wòran. A rí nǹkan, ó dúró sí wa lọ́kàn, a tún rí i, a tún rí i, tó bá ti pọ̀ ó di ìrírí, látinú ìrírí la ti ń rí òfin tó kan gbogbo wọn. Ó fi í wé ọmọ ogun tí wọ́n ń lé, gbogbo wọn ń sá lọ gìrìgìrì, ẹnì kan dúró, ẹnì kejì dúró tì í, ẹnì kẹta, títí ìlà ogun fi tún tò padà. Báyìí ló ṣe ń rí lórí iṣẹ́ tiwa náà. Oògùn yìí ṣiṣẹ́ fún ìyá yìí, ó ṣiṣẹ́ fún ìyá yẹn, ìrírí nìyẹn. Àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ mọ irú ara tó ń ṣiṣẹ́ fún àti ìdí ẹ̀, ọjọ́ yẹn lẹ mọṣẹ́. Òótọ́ tí Plato ń wá lọ síbi tí ojú ò dé, Aristotle ní inú adìyẹ náà ló wà, inú aṣọ náà ló wà, ojú ló kàn máa ṣílẹ̀kùn fún ọpọlọ.

Ó ṣàṣìṣe o, mi ò ní gbè é. Ó kọ ọ́ pé eyín ọkùnrin pọ̀ ju ti obìnrin lọ. Kò sóhun tó ní kó má ní kí obìnrin kan lanu kóun kà á.

Ẹ dán nǹkan kan wò fún mi tẹ́ ẹ bá ti ka èyí tán. Ẹ fi ìka àárín gun orí ìka ìlábẹ̀, ẹ di ojú yín, ẹ wá yí bírò tàbí ẹ̀wà kan síbi tí orí ìka méjèèjì ti pàdé. Ẹ padà wá sọ iye tẹ́ ẹ gbọ́ lára.

---

Télọ̀_AbẹÓdán

Áà! Méjì! Àǹtí nọ́ọ̀sì, bọ́tìnnì ni mo lò, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, mo pe ọmọ iṣẹ́ mi òun náà ní méjì, mo ní kó lajú, ó pariwo. Ọ̀rọ̀ àtùpà yẹn sì ti pa mí lẹ́nu mọ́, mo kà á sókè fún gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọdún 2,300! Ẹnì kan ti jókòó sábẹ́ àtùpà nílẹ̀ àwọn Gíríìkì ó ti ṣi òwú mú bíi tèmi, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ wò ó, tí ìka bá ní méjì tí ojú ní ẹyọ kan, mo gba ojú gbọ́. Tí ojú abẹ́ gílóòbù bá ní ó bára mu tí ojú inú oòrùn ní kò bára mu, ojú ń bá ojú jà nìyẹn. Ta ló wá máa là wọ́n?

---

NọọsiAlẹ́

Aristotle náà sọ ti ìka yẹn pé ọwọ́ ní méjì, ojú ní ẹyọ kan. Ti ojú sí ojú, ó ní ojú kì í ṣi pé òun rí àwọ̀, ibi tó ti máa ń ṣìnà ni pé kí ni nǹkan tó ní àwọ̀ yẹn àti pé níbo ló wà. Fún èmi, ìgbà tí gbogbo nǹkan bá wà bó ṣe yẹ la máa gba ẹ̀rí ojú, bí mo ṣe máa ní kí aláìsàn jókòó sinmi kí n tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀.

---

Yẹ̀wòDáadáa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè yìí, ẹ ti yára jù. "Bó ṣe yẹ" yẹn gan-an ni ìjà wà. Ta ló mọ bó ṣe yẹ?

Àwọn kan wà lẹ́yìn Aristotle tí wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni sá lórí ìbéèrè yìí. Sextus Empiricus, dókítà lòun náà, ó kó gbogbo ẹjọ́ yìí jọ. Ó ní oyin dùn lẹ́nu wa, ó korò lẹ́nu ẹni tí ibà pọ́njúpọ́njú ń ṣe. Ẹ máa ní ẹnu aláìsàn ò yẹ ní gbígbà. Ó ní ó dáa, ara tó le náà ipò kan ni, ara tó ń ṣàìsàn ipò kan ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dájọ́ sì wà nínú ọ̀kan níbẹ̀, báwo ni ẹni tó wà nínú ẹjọ́ ṣe máa dá ẹjọ́? Kò sọ pé oyin ò dùn o. Ó ní ó ń dùn mọ́ òun lẹ́nu, ìyẹn ò ní iyàn, àmọ́ pé dídùn wà nínú oyin fúnra ẹ̀, òun ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, òun ò ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wá ní nígbà tóun dẹ́kun àtimáa sáré dájọ́, ọkàn òun balẹ̀. Bọ̀dá tó ní òun ò rí oorun sùn, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Heraclitus ará Éfésù ti sọ ohun tó jọ ọ́ ṣáájú: omi òkun mọ́ jù lọ, ó sì burú jù lọ, ẹja ń mu ún ó ń fi wà láàyè, èèyàn mu ún ó pa á.

Èyí tó máa ń dùn mọ́ mi jù ni ti Democritus, ará Abdera ni bíi ti Protagoras. Òun ló ní àdéhùn èèyàn lásán ni adùn, àdéhùn ni ìkorò, àdéhùn ni àwọ̀, ohun tó wà lóòótọ́ ni átọ́ọ̀mù, ìyẹn ohun tín-ín-tín tí kò ṣeé pín mọ́, àti àyè òfìfo. Ẹ gbọ́, àwọ̀ léèsì yín, kò sí lára léèsì! Mo gbà á fún un nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àmọ́ Democritus yìí kan náà ló tún jẹ́ kí ojú àti etí dá ọpọlọ lóhùn, wọ́n ní: ìwọ ọpọlọ òṣì yìí, ọwọ́ wa lo ti gba gbogbo ẹ̀rí ẹ, o wá fẹ́ fi bì wá ṣubú? Tí a bá ṣubú, ìwọ náà ṣubú nìyẹn. Ó mọ̀ pé ẹ̀ka tóun jókòó lé lòun ń gé, kò sì fi pamọ́ fún wa. Mo ka ibẹ̀ dáadáa kí n tó lè ṣí ojú ìwé tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan kún un. Fìlọ́sọ́fà kan wà tó ń jẹ́ Sphaerus, ó ń kọ́ni pé ọlọ́gbọ́n kì í gba irọ́ gbọ́. Ọba Ptolemy ní Íjíbítì ní kí wọ́n fi ìda oyin mọ èso pómégíránétì, wọ́n gbé e síwájú ẹ̀, ó tàn án jẹ. Ọba pariwo pé ó ti gba irọ́. Sphaerus ní rárá o, kábíyèsí, mi ò gbà pé èso ni, ohun tí mo gbà ni pé ó jọ pé èso ni. Àwọn kan máa ń ní ó kàn fẹ́ sá àsálà ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ fún kọ́sítómà pé "ó jọ pé ó bá a mu, ẹ jẹ́ ká wò ó níta," ohun tí Sphaerus sọ náà lẹ sọ.

---

Télọ̀_AbẹÓdán

Ẹ ṣé gan bọ̀dá Yẹ̀wò, ọ̀rọ̀ ojú àti ọpọlọ yẹn wọ̀ mí lára. Ó ku ohun kan tí kò tíì yé mi. Òótọ́ tí Plato ní ojú ò dé yẹn, ṣé ẹ lè fún mi ní ẹyọ kan tí mo lè dì mú? Torí mo lè di òwú mú, mo lè di téèpù mú.

---

AkẹkọọAyé

Ẹ mú pépà tẹ́ ẹ fi ń gé pátánì, ẹ gé e kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ká ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gígùn, 2 ní fífẹ̀, gbogbo inú ẹ̀ jẹ́ 4. Mo wá fẹ́ òmíì tí inú ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, ìyẹn 8. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan á jẹ́ mélòó? Nínú ìwé Plato kan tó ń jẹ́ Meno, Socrates bi ọmọ ẹrú kan tí kò ka ìwé rí, ẹrú ọkùnrin tó ń jẹ́ Meno yẹn. Ọmọ yẹn dáhùn kíá, ó ní 4. Socrates yà á sílẹ̀, 4 lọ́nà 4, ó di 16. Ọmọ yẹn ní ó dáa, 3. Ó di 9. Ọmọ yẹn ní lóòótọ́ lóòótọ́, mi ò mọ̀. Socrates yíjú sí Meno, ó ní ṣé o rí i, ó ti sàn fún un ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nígbà yẹn kò mọ̀, ó sì rò pé òun mọ̀.

Ẹ wá ṣẹ́ pépà yín po láti igun dé igun. Ìlà tó bá yọ yẹn, òun ni ẹ̀gbẹ́ èyí tó jẹ́ 8. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, á lé díẹ̀ ní 2.8, á kọjá 2.82, á kọjá 2.828, kò sí téèpù tó máa kà á dópin láéláé. Bó ti wù kẹ́ ẹ mọ pépà gé tó, etí ẹ̀ á wọ́ díẹ̀, àmọ́ òótọ́ yẹn ò ní wọ́, bẹ́ẹ̀ ojú ò rí i rí. Ẹyọ kan nìyẹn.

---

Màmá_Kọọ̀tù

Ọmọ mi télọ̀, o kú iṣẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé ìwé yẹn sèso rere. Èmi fẹ̀yìn tì ni, ọdún 31 ni mo fi ṣe akọ̀wé ní kọ́ọ̀tù. Mo ka ìwé Theaetetus tí AkẹkọọAyé dárúkọ yẹn lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ibì kan wà lápá ìparí ẹ̀ tí mo fi ìlà sí nídìí.

Socrates ń bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Theaetetus bóyá kí èèyàn kàn gba ohun tó tọ̀nà gbọ́ ti tó láti pè ní ìmọ̀. Ó wá mú kọ́ọ̀tù wá. Ó ní wọ́n ja ẹnì kan lólè, àwọn tó ń dájọ́ ò sí níbẹ̀, lọ́yà ń sọ̀rọ̀ títí omi inú aago olómi tí wọ́n fi ń wọn àkókò ọ̀rọ̀ fi dá, ó sì yí wọn lọ́kàn padà, ohun tí wọ́n gbà gbọ́ náà sì wá jẹ́ òótọ́. Ó ní síbẹ̀ wọn ò mọ̀. Ẹni tó fojú rí i nìkan ló mọ̀. Àwọn ìyókù gba ohun tí wọ́n gbọ́ ni, wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́.

Ọmọ mi, àìmọye ìgbà ni mo jókòó sábẹ́ adájọ́ tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí lọ́yà á dìde pé kí wọ́n má gba ẹ̀rí yẹn, ó gbọ́ ọ ni, kò rí i. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ nínú ìwé yẹn mo gbé e kalẹ̀, torí Yorùbá ti sọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ lásán. Gbà, gbọ́. Ìgbàgbọ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Ifẹ̀, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, jókòó ti àwọn oníṣègùn wa láti bi wọ́n nípa ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́, ìwé wọn jáde lọ́dún 1986. Àwọn oníṣègùn yẹn sọ fún wọn pé ohun tí o bá fojú ara ẹ rí, tí ẹ̀rí ọkàn ẹ sì gbè é lẹ́sẹ̀ pé òótọ́ ni, òun lo mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún ẹ, tàbí tí o kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni, bó ti wù kó dáa tó. Èdè Òyìnbó máa ń pe ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ nílé ìwé ní mímọ̀, Yorùbá le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà nígbà tí o béèrè pé ta ni ká tẹ̀ lé, Plato àbí Aristotle, ohun tí mo rí ni pé ohun tí lẹ́kọ́rà ẹ sọ fún ẹ nípa wọn, ìgbàgbọ́ lo ní. Bọ́tìnnì tó di méjì lábẹ́ ìka ẹ, o mọ ìyẹn. Pépà tí o bá ṣẹ́ po, wàá mọ ìyẹn náà. Bóyá wàá lè gba ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì kọjá lọ́nà bẹ́ẹ̀.

---

AkẹkọọAyé

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ìwé yẹn parí láìrí ìdáhùn. Wọ́n wò ó bóyá ohun tí ojú rí ni ìmọ̀, kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò ó bóyá ìgbàgbọ́ tó tọ̀nà ni, kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bóyá ìgbàgbọ́ tó tọ̀nà tó sì ní àlàyé nídìí, ìyẹn náà ò dúró. Socrates wá dìde, ó ní òun fẹ́ lọ dáhùn ẹ̀sùn tí Meletus fi kan òun lọ́dọ̀ ìjọba, ó ní kí wọ́n tún pàdé níbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ̀sùn yẹn ni wọ́n torí ẹ̀ pa á.

---

Télọ̀_AbẹÓdán

Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ikú kàn, òwúrọ̀ ọ̀la ló ń fi sí fún ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Ẹ ò, mo ní láti jókòó fún ìyẹn.

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Mo ṣẹ́ pépà yẹn po, mo gé méjì irú ẹ̀ sí àbọ̀ mẹ́rin, mo tò wọ́n pa pọ̀ ní tábìlì, ó pé 8 lóòótọ́, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ iṣẹ́ mi náà kà á. Léèsì mìíràn wọlé láàárọ̀ yìí, mo ní kó gbé àpótí òwú jáde sábẹ́ ódán ká tó yan ohunkóhun.

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ìwé wo gan-an ni ọ̀rọ̀ àtùpà yẹn wà? Mo fẹ́ fojú ara mi kà á.

---

NọọsiAlẹ́

Meteorologica ni wọ́n ń pè é, ìwé kẹta, orí kẹrin. Ẹ wá ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ òṣùmàrè, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ lẹ máa ti bá àwọn oníṣẹ́ aṣọ.